Sí Mojísọ́lá ní Okeluse, Lórí Àwọn Ìbéèrè Tó Fi Sílẹ̀ Láìdáhùn

Ilé wa, Ọ̀wọ̀,
Ọ̀sán Àbámẹ́ta.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má ṣe kà á nínú kíláàsì. Dúró títí o ó fi délé, kí o bọ́ bàtà, kí o mu omi, kí o tó jókòó tì í, torí ó gùn. Mo mọ̀ pé o ó rẹ́rìn-ín pé ìgbà wo ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà tó ju ojú ewé kan lọ. Òótọ́ ni. Èmi tí mi ò lè jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ títí yóò fi hó, tí mo ti ṣe akọ̀wé, tí mo ti ránṣọ, tí mo ti ta mílíìkì àti ṣúgà, tí mo tún padà sídìí òfì tí mo sá fún nígbà èwe mi. Ṣùgbọ́n lónìí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Bàbá rẹ wà ní àlàáfíà, ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀yìn tó ń dun òun ti fúyẹ́. Kí àwọn ará Okeluse tó gbà ọ́ bí ọmọ fún wa.

Ọkọ rẹ ló fà á tí mo fi ń kọ̀wé. Nígbà tí Délé wá ra páànù ní Ọ̀wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó yà kí wa. Mo gbé iyán fún un, kò jẹ ẹ́ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́. Mo ní, "Délé, ṣé iyán mi ní kókó ni?"

"Rárá o, Màmá. Iyán dára. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ló wà lọ́kàn mi."

Mo ní, "Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní òun ò ní ṣe ìdánwò yunifásítì náà mọ́ lọ́dún yìí. A ti forúkọ sílẹ̀ o, fọ́tò rẹ̀ ti wà lórí káàdì, wọ́n ti sọ ilé ìwé tí yóò jókòó sí ní Ọ̀wọ̀ níbí. Ó ní òun ò lọ. Ó ní orí tí Ọlọ́run fún òun, orí kíkọ́ ọmọdé ní a-b-d ni, kì í ṣe orí yunifásítì."

"Ìwọ wá ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Kí ni kí n sọ, Màmá? Bí mo bá ní kó lọ, á ní mò ń lé òun kúrò nílé tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí. Bí mo bá dákẹ́, á ní èmi náà gbà pé òun ò lè ṣe é. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé kì í kúkú ṣe pé kò mọ̀wé. Ó ní lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìbéèrè tí kò dá òun lójú, òun ò kun nǹkankan sí i. Òun fi wọ́n sílẹ̀ ní funfun."

"Ó fi wọ́n sílẹ̀ báwo?"

"Ní funfun, Màmá. Mo ní kí ló dé tí kò mú ọ̀kan níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. Ó ní, 'Ìyá mi ò kọ́ mi láti sọ ohun tí mi ò mọ̀.'"

Mojí, Délé jẹun tán, ó dúpẹ́, ó gbé páànù rẹ̀ lọ, èmi ṣì jókòó síbi tí mo wà. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í pẹ́ lórí ìjókòó.

Nítorí ọ̀rọ̀ mi ni o ń tẹ̀ lé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbìn ín sí ọ lára, mi ò sì sọ ibi tí mo ti mú irúgbìn rẹ̀ fún ọ rí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, èmi ni ẹnu mi máa ń yá jù. Bí tíṣà bá bèèrè ọ̀rọ̀, kò tíì parí rẹ̀ tí ọwọ́ mi ti wà lókè. Bí mo mọ̀ ọ́n, bí mi ò mọ̀ ọ́n, kò kàn mí. Lákòókò ìsinmi kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ọkùnrin kan tó ti Afo wá yà lọ́dọ̀ mi. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó bi mí ní ọ̀nà ilé kan tí wọ́n ti fẹ́ sìnkú. Mi ò mọ ilé náà. Mi ò gbọ́ orúkọ baálé rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo ti di ọmọ ilé ìwé girama, ẹ̀gàn ni lójú mi pé kí n ní n kò mọ̀. Mo na ọwọ́ síwájú, mo ní, "Ẹ máa lọ tààrà, bí ẹ bá dé ibi igi ńlá kan, ẹ yà sọ́wọ́ òsì." Igi ńlá wo? Ọ̀wọ̀ kún fún igi ńlá. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó súre fún mi, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ó tún gba iwájú ilé wa kọjá. Eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n ti sin òkú náà kó tó débẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ni. Kò bú mi. Bó bá bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ọmọ, 'n kò mọ̀' ò wúwo lẹ́nu o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé títí tí mo fi bí ọ. Ni mo bá búra pé ọmọ tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀. O kò ju ọmọdé tó ń kọ́ bí wọ́n ti ń gbálẹ̀ lọ nígbà tí mo bi ọ́ pé ta ló ṣí ìkòkò ọbẹ̀. O ní ó jọ pé ológbò ni. Mo ní, "Ṣé o rí i?" O ní rárá. Mo fà ọ́ létí. Mo ní, "Bí o bá mọ̀, sọ. Bí o kò bá mọ̀, dákẹ́." O sunkún, o sì gbọ́. O gbọ́ jù. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kí o méfò rí. Àwọn tíṣà rẹ máa ń wí fún mi pé, "Bí Mojísọ́lá bá ní òun mọ nǹkan, a kì í tún yẹ̀ ẹ́ wò." Mo máa ń gbé orí sókè kiri ọjà.

Mo ṣì ń gbé e sókè o, má ṣì mí gbọ́. Délé tún sọ ohun kan fún mi kó tó lọ. Ó ní ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ bi ọ́ pé kí ló dé tí alángbá fi ń mi orí. Tíṣà mìíràn ì bá sọ ìtàn kan fún un. Ìwọ ní, "N kò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." O kó gbogbo kíláàsì jáde, ẹ dúró ti ògiri ilé ìwé, ẹ ń wo alángbá, ẹ ń sọ ìgbà tó mi orí àti ìgbà tí kò mì í, títí ọ̀gá ilé ìwé fi wá bèèrè bóyá iná ló ń jó kíláàsì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Èmi ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé. Ǹ bá ti parọ́ kan fún ọmọ náà, ǹ bá ti kọjá lọ sí ìṣirò.

Ṣùgbọ́n, Àjọkẹ́, ìdánwò kì í ṣe ẹ̀rí jíjẹ́ ní kóòtù. Ẹnikẹ́ni ò ní kí o fi Bíbélì búra kí o tó kun A tàbí B. Ibi tí mo ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti já òwú sílẹ̀, èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ so ó. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, mo sì ti jìn sí kòtò ìdánwò yìí gan-an.

O rántí pé ìwọ àti èmi la jọ rìn lọ ṣe ìdánwò náà lọ́dún tó kọjá. O tilẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má sáré, kí àwọn ọmọ ilé ìwé má máa wò wá. Wọ́n fi ọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n fi èmi sí kíláàsì kan lẹ́yìn. Nígbà tá a jáde, o bi mí bó ṣe rí, mo ní ó dára. Kò dára. Mi ò fẹ́ kí o fi mí rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò na ọwọ́ sí ìta, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó gbé oúnjẹ wá fún ọmọ, abẹ́ igi máńgòrò ni kí wọ́n dúró sí."

Mo yọ káàdì mi síta. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò. "Ẹ̀yin gan-an nìyí?"

"Èmi gan-an ni. Ṣé mo ti gbó ju fọ́tò ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan pariwo lẹ́yìn pé, "Ẹ jẹ́ kí Màmá wọlé, sà! Ẹni tó máa gbàdúrà fún wa ti dé!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jókòó. Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ náà pé àgbà kì í ṣe òmùgọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n to ìmọ̀ràn mi lẹ́sẹẹsẹ báyìí, kí o lè rí i kà lọ́nà.

Èkíní ni ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí gbogbo wa jọ ń ṣe, ìbáà jẹ́ pé dókítà lo fẹ́ dà tàbí lọ́yà. Àyọkà ló ṣáájú níbẹ̀. Wọ́n á kọ ìtàn tàbí àlàyé kan sílẹ̀, wọ́n á bèèrè ìbéèrè lórí rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí àyọkà kejì, mo rí i pé aṣọ híhun ló dá lé. Mojí, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ta ni yóò kọ́ èmi ní aṣọ híhun, èmi tí ìyá mi bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì? Mo ka ìlà méjì àkọ́kọ́, mo fi ìyókù sílẹ̀, mo bọ́ sórí ìbéèrè. Wọ́n bèèrè pé ta ló ń hun aṣọ nínú ìlú náà. Mo kun "àwọn obìnrin." Wọ́n bèèrè bí ahunṣọ ṣe ń lo òfì rẹ̀. Mo wá èyí tó sún mọ́ tiwa, òfì tó dúró ti ògiri, mo kùn ún. Wọ́n bèèrè bí aṣọ náà ṣe rí nígbà tó bá kúrò lórí òfì. Mo mú èyí tó ní ó fẹ̀. Mo kùn wọ́n dúdú mìnìjọ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

Lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìdánwò ni mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ ń jiyàn. Ìlú mìíràn ni àyọkà náà ń sọ, lọ́nà jíjìn sí wa, níbi tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ń hun aṣọ, tó ń jókòó, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ òfì, tí aṣọ ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àyọkà, kedere bí ojú ọ̀run. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan òfì rí gba gbogbo máàkì náà. Èmi ọmọ ahunṣọ kò gba ọ̀kan.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Bọ̀sẹ̀ tá a jọ ń hun aṣọ lójúde wa, ó ju òwú sílẹ̀. "Ọkùnrin ń kẹ̀? Kí wá ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe?"

"Bóyá wọ́n ń ran òwú."

"Kọ̀wé sí wọn! Sọ fún wọn pé ará Ọ̀ghọ̀, Ọ̀wọ̀ tiwa yìí, ní irọ́ ni wọ́n pa! Kí wọ́n dá máàkì rẹ padà!"

Mo sọ fún un pé wọn kò parọ́. Títí di òní, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ò gbà. Bí mo bá kọjá, á ní, "Yunifásítì, ṣé wọ́n ti dá máàkì rẹ padà?"

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: inú àyọkà, àlejò ni ọ́. Ohun tí onílé bá gbé síwájú rẹ ni o ó jẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewúrẹ́ ń fò, ó ń fò títí o ó fi ṣí ewé náà. Kọ́kọ́ ka ìbéèrè, kí o mọ ohun tí ò ń wá, kí o wá fara balẹ̀ ka àyọkà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o sì fi ìka rẹ lé ìlà tí ìdáhùn ti jáde. Bí ìka rẹ kò bá rí ìlà kankan, orí ara rẹ lo ti mú un wá, fi í sílẹ̀. Ohun kan náà ló ṣe mí nínú Ẹ̀kọ́ Bíbélì. Wọ́n bèèrè ohun tí Mátíù kọ nípa àwọn amòye tó wá kí Jésù, mo kun pé mẹ́ta ni wọ́n, nítorí mẹ́ta ni wọ́n máa ń jẹ́ nínú eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo délé, mo ṣí Mátíù. Kò ka iye wọn rárá. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ran aṣọ ọba fún àwọn ọmọdé mẹ́ta!

Ìwọ kò ní ṣe irú àṣìṣe yìí, mo mọ̀. Ìwọ a máa wò kí o tó sọ. Àmọ́ mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ìwà tí o ní tẹ́lẹ̀ ni abala yìí ń wá. Ẹni tó lè kó odidi kíláàsì jáde lọ wo alángbá ni wọ́n ṣe é fún.

Èkejì. Lẹ́yìn àyọkà, wọ́n á fún ọ ní èyí tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí o fi ọ̀rọ̀ dí i. Máa kà á lọ títí dé òpin kí o tó dí àlàfo kankan, torí àlàfo òkè lè rí ìdáhùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn gbólóhùn kéékèèké. Ibẹ̀ ni kí o ti ṣọ́ra fún àṣẹ tí wọ́n kọ sókè. Wọ́n á ní kí o mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí tí wọ́n fàlà sí nídìí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn, wọ́n á yí i padà, wọ́n á ní èyí tó lòdì sí i ni àwọn ń fẹ́ báyìí. Èmi ò rí àṣẹ kejì. Mo ti ń sáré bọ̀ láti òkè, mo gba ibẹ̀ kọjá fìrì bí awakọ̀ tí kò rí àmì ojú ọ̀nà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ni mi ò ní ẹ̀sọ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tí o mú fún ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ lọ kà. Tìrẹ ni báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, èmi ò sì gbọ́ nǹkankan nínú wọn, nítorí náà mi ò ní purọ́ pé mo gbọ́. Ṣé o rí i pé èmi náà ń kọ́ ẹ̀kọ́? Báyọ́lọ́jì kò lè ṣe ọ́ ní nǹkankan. Ti kẹ́mísìrì ni mo fẹ́ sọ, nítorí o sọ fún mi pé ìṣirò kan níbẹ̀ jẹ ọ́ ní àkókò púpọ̀, tí o kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo mọ ibi tí o ti mú ìyẹn náà. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Bàbá rẹ kì í kúrò lórí ebè tí kò tíì kọ tán, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ìwà rere ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìbéèrè yìí, máàkì tó wà lórí èyí tó le kò ju ti èyí tó rọrùn lọ. Kọ́kọ́ rìn ín já, kí o ká gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ bá tó. Fi àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí o fò. Lẹ́yìn náà, padà wá bá wọn jà bó ṣe wù ọ́.

Bí o bá fo ìbéèrè, rí i dájú pé o fo nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìwé ìdáhùn pẹ̀lú. Má bèèrè bí mo ṣe mọ̀. Ó dára, n óò sọ. Mo fo ọ̀kan nínú Ìtàn, mi ò fo ó lórí ìwé ìdáhùn, ni gbogbo ìdáhùn tó tẹ̀ lé e bá bọ́ sílé onílé, lábẹ́ nọ́ńbà tí kì í ṣe tiwọn. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ tí ilé kan ṣẹ́kù tí ìbéèrè sì ti tán ni mo tó mọ̀. Mo ń fi rọ́bà pa pẹ́ńsùlù rẹ́ títí ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ẹ̀rọ ló ń ka ìwé náà, Mojí. Ẹ̀rọ kì í wojú ẹni kó sọ pé, "Ohun tí màmá yìí ní lọ́kàn ni pé..."

Mo dé ibi tó wà lọ́kàn mi jù báyìí.

Àwọn ìbéèrè tí o fi sílẹ̀ ní funfun. Mo gba ìwé ìlànà tí Délé kó wá, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò rí i níbẹ̀ pé wọn yóò yọ nǹkan lára ẹni tó bá ṣì í mú. Èyí tí wọ́n sọ ni pé kí a mú èyí tó dára jù nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀. Wò ó dáadáa: èyí tó dára jù. Wọn kò bi ọ́ pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀?" Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé nínú ìwọ̀nba ohun tí o mọ̀, èwo lo rò pé ó sún mọ́ òótọ́ jù. Bí o bá sì dáhùn ìyẹn, òótọ́ lo sọ.

Èmi tí mo júwe ọ̀nà fún ọkùnrin Afo, mi ò mọ nǹkankan rárá, mo kàn na ọwọ́ ni. Irọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ fún un pé, "Bàbá, mi ò mọ ilé náà, àmọ́ orúkọ tí ẹ dá yìí, ó jọ ti àwọn ará òkè lọ́hùn-ún, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ níbí, torí mo mọ gbogbo ilé ìsàlẹ̀," ǹ bá ti ràn án lọ́wọ́. Ìrònú nìyẹn. Mi ò fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré. Mo fà ọ́ létí fún irọ́, mo sì fa ìrònú létí mọ́ ọn.

Nítorí náà, bí ìbéèrè kan bá dé tí kò dá ọ lójú, má wá èyí tó tọ́ ná. Wá èyí tí kò lè tọ́. Fi pẹ́ńsùlù fa igi lórí wọn nínú ìwé ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò lè jẹ́, torí báyìí. Èyí náà kò lè jẹ́. Nígbà mìíràn méjì péré ni yóò kù. Fara balẹ̀ wo méjèèjì, mú ọ̀kan, kùn ún, kí o má sì bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ìyá rẹ tí mo ní kí o máa dákẹ́, èmi náà ni mo ní kí o la ẹnu báyìí. Mo tú ẹ̀jẹ́ náà ká. Àṣẹ ìyá ni.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ lójú ara rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Nígbà tí èsì wa dé, o rí tìrẹ, o wọ yàrá lọ, o ò jáde títí wọ́n fi bu oúnjẹ. O rò pé o kùnà. Èmi jókòó síta, mo gbé ìwé èsì méjèèjì sórí itan, mo ń wò wọ́n. Èmi kun gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ìdáhùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ìwọ fi funfun sílẹ̀ káàkiri. Síbẹ̀, máàkì rẹ fi tèmi sílẹ̀ lọ réré, díẹ̀ ló kù kó dé ibi tí wọ́n fẹ́. Mi ò tíì mọ̀ nípa àwọn funfun náà nígbà yẹn, mo kàn ń yangàn ni. Ní báyìí tí mo ti mọ̀, orí mi wú. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí o kùn, o mọ̀ ọ́n. O fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sáré, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí àwọn tó ń fi méjì sá a. Ta ló wá sọ fún ọ pé orí rẹ kì í ṣe ti yunifásítì? Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Àgbà ló ń wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n máa bá ọ wo ẹ̀yìn, ọjọ́ orí mi ló gbà á.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọ, torí mo ń bẹ̀rù pé o ó gbọ́ tèmi jù bí o ṣe gbọ́ ọ jù nígbà kìíní. Bí o bá rò ó títí, tí ọkàn rẹ sọ pé àwọn ọmọ Okeluse yìí ni o fẹ́ máa kọ́, pé ilé rẹ àti iṣẹ́ rẹ tó ọ, mi ò ní bínú. Bàbá rẹ náà kò ní bínú. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ti rí i pé o mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ tó ti lọ sí yunifásítì lọ. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ìfẹ́ ló dá ọ dúró níbẹ̀. Má jẹ́ kó jẹ́ ìtìjú. Ẹni tí ìtìjú bá dá dúró síbi kan kì í fẹ́ràn ibẹ̀ pẹ́. Mo mọ̀, torí báyìí ni mo ṣe ń ti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, tí gbogbo ayé ń sọ pé ara mi kì í balẹ̀. Ara mi ì bá balẹ̀, ká ní mo ṣe èyí tí mo fẹ́ ṣe nígbà tó yẹ.

Délé ò mọ ohun tí mo kọ síbí. Má bá a jà pé ó fẹjọ́ rẹ sùn. Ọkọ tí kò lè jẹ iyán nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ lọ kàwé, mélòó ni wọ́n nílùú yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó máa parí oṣù ni ìdánwò náà. Bí o bá ń bọ̀, wọ mọ́tò tó ń gba Ìfọ̀n bọ̀ wá síbí ní ọjọ́ Ẹtì kí ilẹ̀ tó ṣú, yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Bí o kò bá sì bọ̀, má kọ̀wé sí mi, má rán ẹnikẹ́ni. N óò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà n óò dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé náà títí agogo yóò fi dún. Bí mo bá rí ọ, a jọ wọlé. Bí mi ò bá rí ọ, n óò wọlé lémi nìkan, nítorí èmi náà ti fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá rẹ nìkan ló sì mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, Mojí. Mi ò rò pé n óò yege. Ṣùgbọ́n n óò wọlé.

Èmi ni, ìyá rẹ, tí kò rí ẹlòmíràn tó wù ú láti jọ lẹ́yìn rẹ.